Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́wàá Lẹ́yìn Ilé Fàsílátù

Ọdún mẹ́tàlélógún gbáko ni Fàsílátù àti Mùrí ọkọ rẹ̀ fi háyà yàrá méjì nínú ilé kan tí kò jìnnà sí ọjà Odò-Ọ̀rì, n'Ìwó. Ilé náà kò burú, ṣùgbọ́n abẹ́ fèrèsé wọn gan-an ni ọ̀nà kànga àti ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbà, ìdílé méje ló sì ń gbé ibẹ̀. Bí Fàsílátù bá ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹnì kan á bá wọn dá sí i láti ìta. Bó bá ń din ẹran, ẹni tó gbé kẹ́tùlù lọ sẹ́yìn á kí i pé ó kú oúnjẹ. Nígbà tó bí Nusirat, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, gbogbo ilé ló mọ iye ìgbà tí ọmọ náà ń jí mu ọmú.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀, torí ilé onílé ni. Ṣùgbọ́n ó ti bá ọkàn ara rẹ̀ ṣàdéhùn pé lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá fún òun ní ilé tòun, ẹyẹ nìkan ni yóò máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Aṣọ ló ń tà. Nígbà tí òun àti Mùrí, tó ń wa ọkọ̀ èrò lọ sí Ìbàdàn, wá rí ilẹ̀ rà lọ́nà Kuta, níbi tí ilé ti ń tán lọ tí oko ti ń bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín nìkan nínú ìsọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kọ ọ́ lóminú. Ọ̀nà kan dábùú igun ilẹ̀ náà lẹ́yìn, tí koríko kò hù lórí rẹ̀, tí ipa táyà sì wà lára rẹ̀. Ó bi Alhaji Abdulfatah, olórí ẹbí tó ta ilẹ̀ náà fún wọn, pé ọ̀nà ta ni. Alhaji ju ọwọ́ nù. Wọ́n ní àwọn ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kan ló wà lẹ́yìn ọ̀hún, ilẹ̀ tó ṣófo ni wọ́n rí tí wọ́n ń gbà. Bí ilé bá ti dìde níbẹ̀, wọ́n á wá ibòmíràn gbà, ṣebí ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Mùrí wo ipa táyà náà títí. Ó ní ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà kì í ṣe ọ̀nà ọjọ́ kan. Fàsílátù gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń wù ú láti gbọ́ ni Alhaji ti sọ, èyí ló sì gbà gbọ́.

Ilé bẹ̀rẹ̀. Ọláwọlé bíríkìlà jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì ṣòfò. Kí òjò tó rọlẹ̀ dáadáa, ògiri ti kan òkè fèrèsé, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ ti yọrí, ilé ìdáná sì wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí Fàsílátù fẹ́ kó wà. Ó wá ní kí Ọláwọlé mọ fẹ́ǹsì yí gbogbo rẹ̀ ká kó tó di pé wọ́n kan òrùlé. Ẹlòmíràn á kọ́kọ́ kan òrùlé ná. Fàsílátù kò lè dúró.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fẹ́ǹsì ni àwọn obìnrin márùn-ún wá kí i níbi iṣẹ́. Ìyá àgbà kan ló ṣíwájú wọn, Ràhámọ̀tù lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́rọ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí àwọn ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní agbo ilé tó wà lẹ́yìn. Fàsílátù kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n gbàdúrà fún un pé ilé á tura, ó ń ṣe àmín, ó rò pé ìdí tí wọ́n fi wá nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ẹlẹ́rọ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, ibo ni kí àwọn máa gbà?

Inú báàgì rẹ̀ ni Fàsílátù na ọwọ́ sí, ó mú ìwé ilẹ̀ jáde, ó ṣí i, ó fi ìka tọ ibi tí wọ́n ya ilẹ̀ náà sí láti igun dé igun. Ó ní kò sí ọ̀nà kankan nínú rẹ̀, kí wọ́n wò ó. Ìyá Ẹlẹ́rọ wo ìwé náà bí ẹni ń wo omi tó ń ṣàn lọ. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ní kó kú ìnáwó. Wọ́n sì kó àwọn èèyàn wọn, wọ́n padà gba ọ̀nà náà lọ, ìgbà ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni gbà á nìyẹn, torí nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, Ọláwọlé ti mọ búlọ́ọ̀kù dí i.

Fàsílátù ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Ó ti ro gbogbo ohun tí yóò fi dá wọn lóhùn. Ariwo kò wá. Ohun tó rí ni pé lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tó lọ wo iṣẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù kan láti ọ̀nà Ilé-Ogbó ti da ẹ̀gẹ́ jọ sétí títì bí òkìtì, nítorí kò rí ibi gbà wọlé. Àwọn obìnrin ń bu ẹ̀gẹ́ náà sínú báàfù, wọ́n ń rù ú gba ìsàlẹ̀ odò lọ yípo. Ibi tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ti di ìrìn tó ń gba ìdajì wákàtí. Nígbà tó padà lọ lọ́jọ́ kẹta, ó ṣì kù lára ẹ̀gẹ́ náà nílẹ̀, ó ti ń rùn. Obìnrin kan tó ń ṣà á kí i pé ó kú àárọ̀, kò fi ìkankan kún un. Kíkí yẹn dun Fàsílátù ju èébú lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Adédìpẹ̀, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ alága àwọn onílé àdúgbò náà, ránṣẹ́ pè é. Fàsílátù ní ọjọ́ ọjà ni. Wọ́n tún ránṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ lọ kó ọjà. Ṣebí ẹni tó bá mọ̀ pé òun jàre kì í sá fún ìpàdé? Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò kàn fẹ́ rò ó ni.

Nígbà tí wọn kò rí i, wọ́n kọ ìwé sí ìjọba. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ dé, ìsọ̀ ni Fàsílátù wà. Ọláwọlé ló fi fóònù pè é, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ó ní wọ́n ti dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí fẹ́ǹsì.

Fàsílátù bi í pé fẹ́ǹsì nìkan ni?

Ọláwọlé ní, “Ìyá Nusirat, wọ́n sàmì sí ilé ìdáná náà. Àti yàrá ẹ̀yìn.”

Ó gun ọ̀kadà débẹ̀. Òótọ́ ni. Ọ̀dà pupa náà gbòòrò tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì ti ṣàn wálẹ̀ lára búlọ́ọ̀kù. Òṣìṣẹ́ náà ti fi ìwé sílẹ̀ fún Ọláwọlé: ẹni tó máa wọn ilẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Bó bá hàn pé ọ̀nà náà ti wà kí wọ́n tó ta ilẹ̀, gbogbo ohun tó bá dúró lórí rẹ̀ ni wọ́n máa wó. Fàsílátù dúró lórí ìpìlẹ̀, ó fi ojú tọ ibi tí ọ̀nà náà gbà tẹ́lẹ̀, láti ìta, wọ inú fẹ́ǹsì, gba abẹ́ ilé ìdáná, jáde ní igun yàrá ẹ̀yìn. Gbogbo oṣù tí Ọláwọlé fi ń mọlé, Fàsílátù kò fi ojú tọ ọ̀nà yẹn rí.

Ilé Alhaji Abdulfatah ló kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní Alhaji ò sí nílé. Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì, Alhaji ti jáde. Nígbà tó wá rí wọn bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní ilẹ̀ tí àwọn tà ni àwọn tà, àwọn ò sọ fún un pé kó kọ́ ilé ìdáná sí ibi tó kọ́ ọ sí. Wọ́n ní àwọn wà níbi jánásà òkú kan, àwọn á pè é padà. Wọn ò pè.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Bó bá fi ẹ̀kọ sẹ́nu, ó máa ń dà bíi pé yẹ̀pẹ̀ ló fi sẹ́nu. Oníbàárà kan béèrè àǹkárá aláwọ̀ ewé, ó nawọ́ mú aláwọ̀ aró fún un, ó tún ń bínú pé obìnrin náà kò gbà á. Mùrí kò bá a wí. Kò sọ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀, Fàsílátù sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n kírun tán, ó ní kí aya òun lọ kí àwọn ará ẹ̀yìn kí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ tó dé.

“Kí n wí kí ni fún wọn?” ni Fàsílátù wí.

“Má wí nǹkan kan. Lọ kí wọn. Wọ́n wá kí ọ, ìwọ ò tíì lọ kí wọn.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó lọ. Ìgbà tó dé ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló tó rántí pé òun fúnra òun ti dí ọ̀nà. Ó ní láti gba ìsàlẹ̀ odò. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ pupa náà ti di ẹrẹ̀ tó ń fa ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Obìnrin kan tó ru báàfù ẹ̀gẹ́ ń lọ níwájú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ìka ẹsẹ̀ dá ilẹ̀ wò kó tó gbé ara lé e. Nígbà tí wọ́n ń gun òkè ní òdìkejì, obìnrin náà yọ̀, orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n báàfù kò já bọ́. Fàsílátù sáré dì í mú. Obìnrin náà dúpẹ́, kò wo ẹ̀yìn, kò mọ ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fàsílátù bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó mú wọn lọ́wọ́, ó sì bá a rìn dé agbo ilé.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ dákẹ́ lábẹ́ ìbòji. Ìyá Ẹlẹ́rọ jókòó lórí àpótí, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú àwọn méjì kan. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n bu omi wá kí àlejò fi fọ ẹsẹ̀. Fàsílátù fọ ẹsẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀, ó fẹ́ sọ pé òun wá kí wọn ni, bí Mùrí ti wí, àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé tó háyà. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: fèrèsé, kànga, kẹ́tùlù, ọmọ tí gbogbo ilé ń gbọ́ igbe rẹ̀. Ó ní òun kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ó ní ọdún mẹ́tàlélógún ti sú òun ni, òun fẹ́ jókòó lẹ́yìn ilé òun láìbo orí.

Ìyá Ẹlẹ́rọ gbọ́ ọ tán. “Aláṣọ, mi ò ní purọ́ fún ọ,” ni wọ́n wí. “Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé wọ́n kun ọ̀dà sára ilé rẹ, inú mi dùn. Mo sun oorun àsùngbádùn.” Wọ́n nu ọwọ́ wọn lára ìró. “Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé abẹ́ fèrèsé rẹ la fẹ́ gbà? Igi àràbà kan ló wà létí ilẹ̀ yẹn nígbà tí mo délé ọkọ, ọ̀nà ń yà fún un ni. Ìjì wó o lọ́dún tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi, wọ́n là á ní pákó, wọ́n kó o lọ. Ẹsẹ̀ wa ni kò dẹ́kun yíyà. Bó bá jẹ́ pé etí ààlà lọ́hùn-ún la gbà tààrà, ta ló máa ṣe wá ní ibi?”

Fàsílátù gbé ojú sókè. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ èyí fún òun lọ́jọ́ tí wọ́n wá.

“Ìwé lo nà sí mi. Èmi ò mọ̀wé. Bó bá jẹ́ pé o bi mí léèrè ni, ǹ bá sọ.”

Ojú ti Fàsílátù débi pé kò lè dìde. Ìyá Ẹlẹ́rọ ló na ọwọ́ sí i. Wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ kò ju ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà láìhá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tó. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà láìkan ilé, àwọn á tẹ̀ka sí i níwájú ìjọba. Bí kò bá sì sí, àwọn ò mọ ohun tí àwọn lè ṣe mọ́, nítorí àwọn náà ní láti jẹun. Ó di ọwọ́ tèèpù tí wọ́n máa fi wọn ilẹ̀.

Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e gùn bí ọdún. Fàsílátù kò mọ bí àlàfo láàárín ààlà àti ilé ìdáná ṣe fẹ̀ tó. Ọláwọlé náà kò mọ̀ ní pàtó, ojú ló fi wọ̀n ọ́n nígbà náà, ó ní á tó mẹ́sàn-án, á tó mọ́kànlá. Láàárín mẹ́sàn-án àti mọ́kànlá ni Fàsílátù sùn, ibẹ̀ náà ló jí sí.

Nígbà tí Ọjọ́rú pé, gbogbo ènìyàn ti péjọ kí agogo mẹ́wàá tó lù. Ọ̀gbẹ́ni Adédìpẹ̀ jókòó lórí àga pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lórí itan. Ìyá Ẹlẹ́rọ kó obìnrin mẹ́jọ wá. Mùrí kò wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ya Fàsílátù lẹ́nu ni Alhaji Abdulfatah, tó yọ nínú agbádá funfun; wọ́n ní alága ló ránṣẹ́ sí wọn pé bí wọn ò bá wá, orúkọ wọn á wọnú ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ bi àwọn ará ẹ̀yìn bóyá òótọ́ ni pé wọ́n gbà kí ọ̀nà yà kúrò níbi tó wà sí etí ààlà. Ìyá Ẹlẹ́rọ ní òótọ́ ni. Òṣìṣẹ́ náà ní kò burú, òfin ò kọ̀ ọ́, bí àyè bá wà. Ẹni tó ń wọn ilẹ̀ wá ọ̀kan nínú òkúta ààlà kàn, ó hú koríko ara rẹ̀, ó ní kí Ọláwọlé di orí tèèpù mú níbẹ̀. Ó ń fà á bọ̀ síhà ilé ìdáná. Fàsílátù kò lè wò ó. Ara ọkọ rẹ̀ ló fara tì, ó dijú, ó ń pe Ọlọ́run nínú ikùn.

“Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá,” ni ọkùnrin náà wí. Ó tẹ̀ ba, ó tún un wò. “Àti íǹṣì mẹ́rin.”

Mùrí ní “Alihamudulilahi.” Ilé dúró. Fàsílátù la ojú, ó rí i pé òun di apá ọkọ òun mú tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná òun ti wọ ọ́ lára.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Adédìpẹ̀ kò tíì pa ìwé dé. Wọ́n ní íǹṣì mẹ́rin ò lè gba fẹ́ǹsì, bí ọkọ̀ akẹ́rù bá sì ń gbá ògiri ilé ìdáná lójoojúmọ́, kí ni wọ́n wá yanjú? Wọ́n yíjú sí Alhaji Abdulfatah. Wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ nípa ọ̀nà náà nígbà tí wọ́n ń ta ilẹ̀. Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹbí ṣe pín ilẹ̀, ta ló ni ti òsì, ta ló ni ti ọ̀tún, ó ń gùn lọ. Ìyá Ẹlẹ́rọ ló dá wọn dúró.

“Abdulfatah,” ni wọ́n wí, láìpariwo. “Ẹ̀yìn mi ni mo pọ̀n ọ́ sí nígbà tí mò ń gba ọ̀nà yìí lọ lọ ẹ̀gẹ́ fún ìyá rẹ. Ṣé o fẹ́ kí n sọ níwájú àlejò pé o ò mọ̀ ọ́n?”

Alhaji tún agbádá wọn ṣe lé èjìká. Wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n wá sọ pé ilẹ̀ tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà náà ti ẹbí àwọn ṣì ni, àwọn á yọ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sílẹ̀ lára rẹ̀, kí Ìyá Nusirat yọ márùn-ún sílẹ̀ nínú tirẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí Fàsílátù, wọ́n ní kó má bínú, àwọn ló yẹ kí àwọn ti sọ fún un. Fàsílátù ní kò sí nǹkan kan. Ó ya òun náà lẹ́nu pé òótọ́ ló ń sọ. Ìbínú tó ti di sínú fún Alhaji láti ọjọ́ mélòó kan, ó wá a, kò rí i. Ilé rẹ̀ kò wó, kò sí àyè fún nǹkan mìíràn nínú ọkàn rẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀wé fọwọ́ sí i, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ka. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní iṣẹ́ lè máa lọ ní gbàrà tí wọ́n bá ti ṣí ọ̀nà. Wọn ò dúró di ọ̀la. Ọláwọlé gbé òòlù, ó rọra ń ṣí búlọ́ọ̀kù lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ó ní èyí tí kò bá fọ́ á wúlò níbi tí fẹ́ǹsì tuntun máa gbà. Àwọn obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tò, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń tò ó jọ. Fàsílátù náà wọ ìlà, ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ sì ni obìnrin tó yọ̀ lókè odò. Obìnrin náà mọ̀ ọ́n báyìí. Ó ní, “Aláṣọ, rọra o, ọwọ́ rẹ ò le,” àwọn tó kù sì rẹ́rìn-ín, Fàsílátù náà rẹ́rìn-ín.

Kí wọ́n tó kírun àsárì, ọkọ̀ akẹ́rù kan ti gba etí ààlà kọjá, ó rọra ń lọ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro, awakọ̀ rẹ̀ sì na ọwọ́ síta bí ẹni ń kí ọba.

Fàsílátù àti Mùrí gba ilé ìyá olóúnjẹ kan lọ. Ó jẹ èbà tán, ó ní kí wọ́n tún bù ú wá, ó fi ẹran Mùrí kún tirẹ̀ láìtọrọ. Ìgbà tó ń fọ ọwọ́ ló sọ pé òun fẹ́ páànù pupa fún òrùlé. Mùrí ní kí ló dé, pupa kì í pẹ́ ṣá, aláwọ̀ ewé ló dáa. Fàsílátù ní aláwọ̀ ewé ni gbogbo ilé tó wà lọ́nà Kuta. Mùrí ní ìdí tí wọ́n fi ń rà á ni pé ó dáa. Wọ́n jiyàn náà dé ibùdókọ̀, wọ́n jà á nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ dá sí i pé aláwọ̀ ilẹ̀ ló wà lóde báyìí, àwọn méjèèjì sì panu pọ̀ sọ fún un pé kó gbájú mọ́ ọ̀nà.